"Do you drink?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n bá kà mí mọ́ ọ̀mùtí

Ọ̀dọ́ Ẹ̀gbá, Leeds

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí ni mo fi gbé e wá síbí.

Oṣù mẹ́rin rèé tí mo dé Leeds, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo wá ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò. Obìnrin kan pè mí lórí fóònù pé òun fẹ́ bi mí ní ìbéèrè díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí fáìlì fún mi. Ó béèrè sìgá, mo ní rárá. Ó béèrè ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ẹbí, mo sọ ti bàbá mi fún un. Ó wá ní, "And do you drink?" Mo ní, "Yes, every day." Ó ní mélòó lójúmọ́. Mo rò ó wò. Ilé tí a ti ń ṣiṣẹ́ yìí gbóná bí ààrò nítorí àwọn arúgbó tí òtútù ń mú, mo máa ń gbé ike omi mi kiri ni. Mo ní, "Seven or eight." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó tún ní ṣé mo máa ń mu tó mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, "Almost daily." Mo tilẹ̀ fi kún un pé láti kékeré ni ìyá wa ti kọ́ wa, pé a kì í jáde nílé láàárọ̀ láìmu.

Ó ní ṣé màá fẹ́ kí ẹnìkan bá mi sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Mo ní kò burú. Mo rò pé àwọn tó máa ń gbani nímọ̀ràn lórí oúnjẹ ni.

Àná ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀, kí n wá rí ẹni tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọtí. Ọtí! Èmi tí mi ò fẹnu kan bíà rí láyé mi, ọmọ alàgbà!

Ṣé "drink" kì í ṣe "mu" mọ́ ni? Kí ni kí n sọ fún wọn tí wọn ò fi ní rò pé irọ́ ni mo ń pa? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí, ẹ gbà mí o.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, London

"A kì í jáde nílé láàárọ̀ láìmu."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kà á. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, obìnrin tó jókòó tì mí ti dìde lọ síwájú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí. Màá padà wá nígbà tí mo bá lè mí.

Tíṣà Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Ọ̀dọ́ Ẹ̀gbá, má bínú sí àwọn tíṣà rẹ. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ tọ̀nà, wọn ò kàn kọ́ ọ parí ni.

Wò ó báyìí. Nínú èdè tiwa, "mu" kì í dá rìn. Bí mo bá sọ fún ọ pé "Àlàbí mu", tí mo sì dákẹ́, wàá máa wojú mi ni. Kí ló mu? Omi, ẹ̀kọ, gàrí, àgbo, àbí sìgá? A gbọ́dọ̀ dárúkọ ohun tó gba ẹnu wọlé. Ìdí nìyẹn tí ọtí fi lẹ̀ mọ́ "mu" lára títí ó fi di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: mutí. A ò lè gbàgbé láti dárúkọ ọtí nígbà tó jẹ́ ọtí là ń sọ.

Òyìnbó lè fi "drink" sílẹ̀ láìfi nǹkan kan tì í. Ìgbà tó bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọtí ló wà nínú rẹ̀ tí wọn ò dárúkọ. "He drinks" kì í ṣe pé ọkùnrin náà ń mu nǹkan. Ó ń mutí ni, ó sì lè jẹ́ pé àmujù ni, ohùn ẹni tó ń sọ ọ́ ni wàá fi mọ̀. "I don't drink": mi ò kì í mutí. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ lè gbé ife tíì dání bó ṣe ń sọ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò pè é ní òpùrọ́. "Have you been drinking?" lẹ́nu ọlọ́pàá, kò sí omi níbẹ̀. "Drinker", ọ̀mùtí. "Drink problem" ní Ìlú Ọba, "drinking problem" ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ọtí ti sọ di ẹrú ni méjèèjì.

Ṣùgbọ́n tí orúkọ nǹkan bá ti tẹ̀ lé e, ọtí ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn: "drink water", "drink your tea". Ìwọ ìbá ti sọ pé "I drink water every day", ẹjọ́ tán.

Èyí tó ń da àwọn èèyàn wa láàmú jù ni "a drink", tí lẹ́tà kékeré yẹn wà níwájú ẹ̀. Ó ti di orúkọ níbẹ̀, ó túmọ̀ sí nǹkan mímu ife kan. Nǹkan mímu wo? Aago ni yóò sọ fún ọ. Tí ọ̀gá rẹ bá ní "Do you want a drink?" ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, tíì tàbí kọfí ló ń wí. Tí ẹni yẹn kan náà bá ní "Fancy a drink?" ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ilé ọtí ni wọ́n dorí kọ.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀rọ̀ kan bọ̀ ọ́ láàárín, nítorí lẹ́tà ìwáṣẹ́ táwọn ọmọ wa ń fi ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá wọn tún ṣe. "Drink, drank, drunk." Wọ́n á kọ "I have drank", nítorí pé "drunk" ń bà wọ́n lẹ́rù, ó ń ṣe wọ́n bíi pé wọ́n ń pe ara wọn ní ọ̀mùtí. "I have drunk" ló tọ̀nà: mo ti mu ún. "I am drunk": ọtí ti pa mí. "Have" àti "am" ló yà wọ́n nípá.

Ẹ má sì bú òyìnbó jù. Ẹni tó jẹ iyán àná tó jókòó ti ògiri, ó ní òun ti yó. Ẹni tí ọtí pa tí kò lè rìn tààrà mọ́, òun náà ti yó. Òyìnbó tó bá ń kọ́ Yorùbá lóde ìgbéyàwó yóò rò pé gbogbo ìdílé ìyàwó ni ọtí ń pa.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Manchester

Àbúrò mi, ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gidi ni, torí náà jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ lórí fóònù yẹn.

Ìbéèrè mẹ́ta yẹn ní orúkọ, AUDIT-C. Inú ìwé ìbéèrè mẹ́wàá kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ni wọ́n ti fà á yọ. Ìbéèrè kìíní: ìgbà mélòó lo máa ń mu nǹkan tí ọtí wà nínú ẹ̀? Ìkejì: lọ́jọ́ tí o bá mu, yúníìtì mélòó (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ọtí níbí, màá ṣàlàyé ẹ̀ nísàlẹ̀)? Ìkẹta: ìgbà mélòó láàárín ọdún kan tí o mu tó yúníìtì mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Mẹ́jọ ni ti ọkùnrin, mẹ́fà ni ti obìnrin. Bó ṣe wà lórí bébà, "containing alcohol" wà níbẹ̀ gbangba. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bi ogún èèyàn láàárọ̀ kan á ti gé e kúrú sí "do you drink", torí kò sí ọmọ Ìlú Ọba tí yóò ṣì í gbọ́.

Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì, òdo sí mẹ́rin. O ní ojoojúmọ́ lo máa ń mu: 4. Méje tàbí mẹ́jọ: 3. Mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́: 4. O gba 11 nínú 12, àbúrò. Láti 5 lọ sókè ni wọ́n ti máa ń fa ìlà sí i. Níbi iṣẹ́ tèmi, ẹni tó bá gba 11, a kì í jẹ́ kó lọ láìbá a sọ̀rọ̀. Obìnrin yẹn ò ṣẹ̀ ọ́, ó tilẹ̀ ṣàánú rẹ ni.

Ohun tí wàá ṣe rèé. Má dúró dọjọ́bọ̀ kí o tó pè wọ́n, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí o ṣì wá, lọ o. Ẹni tó gba 11 tí kò wá, ńṣe ni wọ́n á rò pé ó ń sá. Sọ fún wọn báyìí: "I misunderstood the question. I thought you meant water. I don't drink alcohol at all." Lẹ́yìn náà kí o ní kí wọ́n tún àkọsílẹ̀ ṣe, kí ìwọ náà sì rí i pé wọ́n tún un ṣe. Fáìlì yẹn á máa bá ọ kiri. Ọjọ́ mìíràn tí dókítà tí o ò rí rí bá fẹ́ kọ oògùn fún ọ, ohun tó wà nínú ẹ̀ ni yóò kà.

Ní ti yúníìtì, torí wọ́n á tún bi àwọn míì tó ń ka èyí: yúníìtì kan jẹ́ mílílítà mẹ́wàá ògidì ọtí. Bí a ṣe ń ṣírò ẹ̀ ni pé kí o fi ìdá ọgọ́rùn-ún ọtí tí wọ́n kọ sára ìgò (agbára rẹ̀ nìyẹn) sọ iye mílílítà tó wà nínú ife di púpọ̀, kí o wá fi 1,000 pín in. Páìntì bíà kan ní ilé ọtí jẹ́ mílílítà 568, tí agbára rẹ̀ bá jẹ́ 4, ó lé díẹ̀ ní yúníìtì 2. Wáìnì mílílítà 175 tí agbára rẹ̀ jẹ́ 12, bákan náà. Ọtí líle mílílítà 25 tí agbára rẹ̀ jẹ́ 40, yúníìtì 1 géérégé. Láti 2016, ohun tí àwọn àgbà dókítà níbí ń sọ ni pé kí ọkùnrin àti obìnrin má kọjá yúníìtì 14 lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì pín in sí ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Tẹ́lẹ̀, ti ọkùnrin ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn bọ̀dá wa kan ò tíì gbọ́ pé wọ́n ti bù ú kù.

Ẹ wá ṣírò ti ilé. Ìgò bíà ńlá wa, mílílítà 600, agbára 5: yúníìtì 3 ni. Ìgò márùn-ún lọ́sẹ̀, o ti kọjá. Stout tí agbára rẹ̀ bá tó 7.5 nínú ìgò yẹn kan náà, 4 àbọ̀ ni. Ẹni tó bá ní "ìgò méjì péré ni mo mu", yúníìtì 9 ló ń wí.

Ẹlẹ́mu Ìkirè

Nọ́ọ̀sì, ẹmu ńkọ́? Yúníìtì mélòó ló wà nínú akèrègbè?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Manchester

Bọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá a ló yẹ kẹ́ ẹ sọ fún mi! Kò ṣe é fi ojú kan wò. Láti orí ọ̀pẹ ló ti ń kan, ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ àti ti ara akèrègbè ti ń sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Tàárọ̀ dùn, ọtí inú ẹ̀ kéré. Tìrọ̀lẹ́ ti le. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti ń sún mọ́ ọtí kíkan tí wọ́n ń dà sí sàláàdì. Ẹ kọ "palm wine" sórí fọ́ọ̀mù, kí ẹ sọ iye ife, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ máa họrí.

Ẹlẹ́mu Ìkirè

Mo ti gbọ́. Ife kan ni mo máa ń mu. Mi ò kàn sọ bí ife náà ṣe tóbi tó.

Àǹtí Peckham

Ẹ dákun, "drink" nìkan kọ́ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti "hot drink" fún yín.

Bàbá mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta. Díákónì ni wọ́n, agbádá funfun ni wọ́n máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. A mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì òyìnbó kékeré tó wà nítòsí ilé wa. Ìsìn lọ dáadáa. Ó wá ku ìkéde. Obìnrin kan dìde, irun rẹ̀ funfun báláú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí gbogbo èèyàn má tíì lọ o, pé "hot drinks" wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ọ̀fẹ́ ni, kódà ti àwọn ọmọdé wà níbẹ̀.

Bàbá mi kọjú sí mi. Mo rí i pé ojú wọn ti yí. Wọ́n ní, "Bọ́lá, nínú ilé Ọlọ́run? Àwọn ọmọdé?" Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti mú Bíbélì, wọ́n ti gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ìta ni mo ti bá wọn, nínú òtútù, tí wọ́n ń wo ojú ọ̀run.

Kí ni "hot drink" nílé? Ògógóró, ṣìnáàpù, gbogbo ohun tó ń ta ni lọ́fun. Ọtí líle ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Níbí, ohun gbígbóná ni wọ́n ń wí, tíì, kọfí, ṣokoléètì. Ohun tí àwa ń pè ní "hot drink", wọ́n ń pè é ní "spirits". Ẹ ò wá rí nǹkan, ẹ sọ "spirits" fún díákónì, ẹ wo ohun tí yóò rò!

Mo bu tíì wá fún wọn níta. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀ kí wọ́n tó mu ún.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, London

Mo ti padà dé, mo ti mí.

Àǹtí, ẹ fi "malt" kún un. Nílé, malt ni a fi ń kí abiyamọ, òun la máa ń gbé lọ kí aláìsàn, kò sí ọtí níbẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn ará ibiṣẹ́ mú mi lọ sí pọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí ni màá mu. Mo fi ọgbọ́n ṣe é, mo ní "just a malt." Ọkùnrin tó ń ta ọtí ní "Which one?", ó nawọ́ sí òkè lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí ìgò rẹpẹtẹ, mo tọ́ka sí èyí tí bébà rẹ̀ dára jù. Ó bu tíńtín sísàlẹ̀ ife. Mo ní ẹ wo ahun! Mo dà á sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin ará, iná jó láti ahọ́n dé inú. Wísíkì ni. "Malt" lásán nínú pọ́ọ̀bù, wísíkì ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Torí pé mo ti wà lórí ọ̀rọ̀ pọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n Leeds, wọ́n á pè yín dandan. "Fancy a drink?" kò ní kẹ́ ẹ mutí. Ẹ lè lọ, kẹ́ ẹ ní "I'll have an orange juice" tàbí "a Coke". "Soft drink" ni wọ́n ń pe gbogbo ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ má ní "mineral" o, omi inú ìgò ni wọ́n á gbé fún yín. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ ìdí, "I don't drink" ti tó. Ẹ má ṣàlàyé ti ìyá yín.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ àṣà wọn kan. Wọn kì í ra tiwọn nìkan. Ẹnìkan á dìde, á ra fún gbogbo tábìlì, ẹlòmíì á tún dìde lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n ń pè é ní "round". Ẹni tó gba ti àwọn ẹlòmíràn mẹ́ta tó wá ní òun ń lọ sílé kó tó kan òun, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, ì báà jẹ́ omi ọsàn ló ń mu. Tí ẹ ò bá fẹ́ pẹ́, ẹ ra tiyín lákọ̀ọ́kọ́, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ohun tó tún ta mí lára: ìwé ìpè tó bá ní "drinks", pẹ̀lú S. "Leaving drinks, 6pm." Mo fi ebi pa ara mi láti àárọ̀, ọkàn mi wà lọ́dọ̀ jọ̀lọ́ọ̀fù. Ẹ̀pà ni mo bá níbẹ̀. Ẹ̀pà inú àwo kékeré kan, àwa méjìlá.

Bàbá Houston

Ẹ kú àpérò. Ti Amẹ́ríkà tún yàtọ̀, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ má baà fi ti Ìlú Ọba wá síbí.

Dókítà níbí kì í sọ yúníìtì. "How many drinks a week?" ni wọ́n ń sọ. "A drink" ti di òṣùwọ̀n fún wọn: gíráàmù 14 ògidì ọtí. Agolo bíà kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5, tàbí wáìnì áúnsì márùn-ún, tàbí ọtí líle áúnsì kan ààbọ̀. Yúníìtì ti Ìlú Ọba, gíráàmù 8 péré ni. Ẹni tó bá kó lọ láti London sí Texas tó ń pe yúníìtì 14 ní "fourteen drinks", ó ti fi bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lé e.

Lẹ́yìn náà, "cider". Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, dé láti ilé ìwé pé àwọn mu "apple cider". Ìyá rẹ̀, tó ti gbé London rí, ti wọ bàtà kó lọ bá wọn jà. Mo di í mú. Níbí, omi èso ápù lásán ni, èyí tí ọtí wà nínú ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní "hard cider". Ní London, òdìkejì ni: "cider" lásán, ọtí ni, ẹ má rà á fún ọmọdé torí pé wọ́n ya àwòrán ápù sí i lára. "Root beer" náà, ẹ má fi "beer" inú orúkọ rẹ̀ bẹ̀rù, ẹlẹ́rìndòdò ni. Adùn rẹ̀ dà bíi oògùn ikọ́, ẹni tó bá mu ún á rò pé àgbo ni, ṣùgbọ́n kò sí ọtí níbẹ̀.

Olómi Tútù, Ìlọrin

Kí ló dé tí a ò kàn máa sọ "take"? "Do you take alcohol?" Ohun tí a ń sọ nílé nìyẹn, kò sí wàhálà.

Tíṣà Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Wọ́n á gbọ́ ọ, kò burú. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lò ń béèrè, àwọn ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ, "drink" ni wọ́n sì ń lò. "Take" níbẹ̀, oògùn ló bá a mu jù: "take your medicine". Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ ní "drink your tablets", nítorí pé àwa la ń mu oògùn, àwọn kì í mu ún. Gàrí ńkọ́? Ẹ sọ "I drank garri" fún òyìnbó, yóò béèrè bóyá omi ni àbí ọtí. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é, ọ̀rọ̀ á tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìtàn ọ̀rọ̀: "drench", pé òjò pa èèyàn tí aṣọ rẹ̀ rin gbindin, ọmọ ìyá "drink" ni. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ó túmọ̀ sí pé kí a mú kí ẹnìkan mu. Títí dòní, àwọn olùtọ́jú àgùntàn níbẹ̀ ṣì ń sọ "drench" tí wọ́n bá da oògùn sí ẹran lẹ́nu. Rírọ là ń pe èyí, bí ìyá ṣe ń rọ ọmọ lágbo.

Ìyá Kẹ́yìndé, Birmingham

Ọ̀dọ́ Ẹ̀gbá, iṣẹ́ kan náà là ń ṣe. Fetí sí mi, torí ó máa kàn ọ́ níbi ìwé tí à ń kọ lẹ́yìn iṣẹ́ ju ti dókítà lọ.

Ọdún àkọ́kọ́ mi, arúgbó obìnrin kan wà lọ́wọ́ mi tí kì í fẹ́ mu nǹkan. Mo bẹ̀ ẹ́, mo pàrọwà, mo fi orin Yorùbá sí i. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu dáadáa. Inú mi dùn, mo sáré kọ ọ́ sínú ìwé: "She drinks a lot now." Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá kí i, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wo ìwé. Ó kà á. Ó ní, "My mother is eighty-seven. Who is giving her drink?" Ọ̀gá pè mí sí yàrá. Mo dúró níbẹ̀, ẹnu mi ò gba ọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ náà, mi ò kọ "drink" ní ìhòòhò mọ́. Orúkọ nǹkan, iye mílílítà, aago. "10:15. Tea, 150 ml, drank all." "14:00. Offered water, declined." Tí mo bá fẹ́ sọ pé ó ń mu dáadáa, "good fluid intake" ni mo ń kọ. "Fluids" kò ní ọtí nínú, kò sẹ́ni tó lè ṣì í túmọ̀. Tí wọ́n bá ní "push fluids" fún ẹnìkan, pé kí o máa rọ̀ ọ́ kó mu omi léraléra ni, kì í ṣe kí o ti nǹkan.

Ọ̀dọ́ Ẹ̀gbá, Leeds

Ẹ ṣé o, Nọ́ọ̀sì, Tíṣà, Ìyá Kẹ́yìndé, gbogbo yín. Mo pè wọ́n ní Ọjọ́ Ajé, wọ́n ní kí n ṣì wá. Mo ti lọ, mo ti dé.

Obìnrin kan ló jókòó síbẹ̀, ohùn rẹ̀ tutù bíi ti ẹni tó fẹ́ sọ ìròyìn òfò. Ó ní kò sẹ́ni tí yóò dá mi lẹ́jọ́ níbí. Mo gbé ike omi mi lé orí tábìlì, lítà kan, èyí tí mo máa ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Mo ní, "This is what I drink. Seven or eight cups." Ó wo ike, ó wo kọ̀ǹpútà, ó tún wo ike. Ó bo ẹnu. Mo rí i pé èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní kí n má bínú, mo ní ó ti tán nínú mi.

Ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ ọtí sí i ní gbogbo ìgbà. Òdo, òdo, òdo. Mo ní kí n rí i bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, Nọ́ọ̀sì ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì yí kọ̀ǹpútà sí mi. 0 nínú 12.

Bí mo ṣe dìde, ó ní, "Can I get you a drink before you go?"

Mo kọ́kọ́ wo aago ara ògiri. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ku díẹ̀. Mo ní, "Yes please. Tea, no sugar."